Bí A Ṣe Ń Wo Odò àti Ojú Ọjọ́ Kí A Tó Rìn ní Tewkesbury

Tewkesbury, ìlú ọjà kan ní Gloucestershire, ní ilẹ̀ England, wà níbi tí odò Severn àti odò Avon ti pàdé. Ẹ má fi òjò tó ń rọ̀ lójú yín nìkan díwọ̀n ewu. Orí òkè Wales ni Severn ti ṣẹ̀ wá. Omi òjò tó rọ̀ níbẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dé, tí oòrùn á máa ràn nínú ìlú, tí odò á sì máa kún.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n odò tí ìjọba ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ti àwọn ìlú tí odò ń gbà kọjá kó tó dé Tewkesbury: fún Severn, Bewdley àti Worcester. Fún Avon, Evesham. Bí omi bá ṣì ń ga níbẹ̀, ti Tewkesbury kò tíì parí. Oṣù Keje 2007 yàtọ̀ ṣá: òjò ńlá rọ̀ sórí agbègbè náà gan-an, omi sì yí ìlú ká.

Severn Ham, pápá koríko tó wà láàárín Severn àti Mill Avon (ẹ̀ka odò Avon), ló máa ń kọ́kọ́ rì. Kódà lẹ́yìn tí omi bá fà, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀: bàtà òjò ni kí ẹ wọ̀. Ní Oṣù Kejìlá, ẹ ti kúrò níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta, nítorí oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin.

Ẹ má wa mọ́tò wọ omi tó bo títì. Èyí tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ń ṣàn, lè gbé e.