Bí mo ṣe rọ àwòṣe liner hanger ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ tọ́nà, ìyẹn fífi ẹ̀rọ lathe gé irin, ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lójú ọ̀nà Oǹdó ní Ilé-Ifẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń gbé wá jù ni ṣáfútì ẹ̀rọ ìlọta, búṣì mọ́tò, àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Kò sí kànga epo ládùúgbò wa, Niger Delta lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rig, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo, lápá Warri, ló gbé iṣẹ́ yìí wá bá mi. Ó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní bí a ṣe ń fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní liner hanger so liner, páìpù irin kan, rọ̀ sínú kànga, àwòrán orí pépà nìkan ló sì ní lọ́wọ́. Ó fẹ́ èyí tí wọ́n á fojú rí, tí wọ́n á fọwọ́ kàn, tí yóò sì ṣiṣẹ́ níṣojú wọn.

Kí n tó fọwọ́ kan irin, mo ní kó jókòó kó là á yé mi. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga epo, wọ́n máa ń ki páìpù irin ńlá tí wọ́n ń pè ní casing sínú ihò náà kí ilẹ̀ má baà ya wọ inú rẹ̀. Wọ́n á tún gbẹ́ ìsàlẹ̀ sí i, wọ́n á tún ki páìpù tó kéré sí ti àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Tí gbogbo páìpù bá níláti ti ìdí kànga dé òkè ilẹ̀, owó irin á pọ̀ gan-an. Liner ni páìpù tí kò dé òkè. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200 sí 500 sókè ẹnu ìsàlẹ̀ casing tó ṣáájú rẹ̀, á sì lọ títí dé ibi tí wọ́n gbẹ́ dé. Liner íǹṣì 7 nínú casing íǹṣì 9⅝ wọ́pọ̀ gan-an.

Ẹ wo ìwúwo rẹ̀. Liner íǹṣì 7 kan wà tí ẹsẹ̀ bàtà kan rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 29. Bí ó bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000, pọ́n-ùn 87,000 nìyẹn, ó ju tọ́ọ̀nù 39 lọ. Ẹrẹ̀ tó kún inú kànga á bá a gbé díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó kù gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ara ògiri casing. Ògiri ọ̀hún sì rèé, ó dán, kò ní ìkọ́, kò ní ihò, kò sí ibi tí nǹkan lè gbé ẹsẹ̀ lé. Irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni liner hanger.

Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá ń dì í mú?”

Ó ní, “Ìwúwo ara rẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ara liner ni cone wà, òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn slip, ìyẹn àwọn irin eléyín, wà nísàlẹ̀ cone yìí. Bí a bá ti slip gòkè, á gun ẹ̀gbẹ́ cone, á máa fẹ̀ síta títí eyín rẹ̀ á fi kan ògiri casing. Bí a bá wá dẹ liner sílẹ̀, cone á máa sọ̀ kalẹ̀ wọ àárín àwọn slip, á sì máa tì wọ́n mọ́ ògiri. Ẹni tó bá ti fi àáké ilẹ̀ wa la igi rí á mọ̀ ọ́n: ìrù irin àáké tó gba inú èèkù kọjá, bí o bá ṣe ń gé igi tó ló ṣe ń há sínú èèkù tó. Ẹrù tó fẹ́ já liner bọ́ gan-an ló ń fún un mọ́ ògiri.

Mo fi páìpù íǹṣì mẹ́rin ṣe casing, inú rẹ̀ tó mìlímítà 102. Mo gé fèrèsé gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Páìpù íǹṣì méjì ààbọ̀ ni liner, ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 73. Àlàfo tó kù fún mi lápá kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà 14 àti ààbọ̀ lọ, inú ibẹ̀ ni cone, slip àti sìlíńdà gbọ́dọ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe ojúlówó rẹ̀ pàápàá, àlàfo tóóró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá jà, nítorí ẹrẹ̀ àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tẹ̀ yí liner ká ṣì gbọ́dọ̀ rí àárín àwọn slip gbà kọjá.

Irin cone ni mo fi ara balẹ̀ wá. Àáfù ṣáfútì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti gba ìyà lójú títì ni mo rà lọ́dọ̀ àwọn onírin àlòkù. Mo yí kọ́ḿpáùǹdì lathe, ìyẹn apá tó di ọ̀bẹ ìgérin mú, sí díígírì 10, mo sì gé e díẹ̀díẹ̀. Òrùka kan ṣoṣo ni mo fi ṣe slip mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mo kọ́kọ́ gbẹ́ inú rẹ̀ ní díígírì 10 kan náà, mo gé eyín sí ìta rẹ̀ bí ẹni ń gé ojú síkúrù, mo dojú eyín náà kọ ìsàlẹ̀ kó lè bu ògiri jẹ bí ẹrù bá ń fà á, kí n tó wá fi ayùn irin pín òrùka náà sí mẹ́ta. Ìdí tí mo fi gé e lẹ́yìn ni pé bí a bá ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọn kì í gun cone lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan ló máa ru gbogbo ẹrù.

Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè pé, “Ọ̀gá, kí ló dé tí a ò jẹ́ kí díígírì rẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ? Cone kúkúrú á rọrùn.” Ìbéèrè gidi ni. Mo rọ cone kejì àti slip tirẹ̀ ní díígírì 30, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Eyín slip gbọ́dọ̀ le ju ògiri tó fẹ́ bù jẹ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ló máa tẹ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá alágbẹ̀dẹ kan lápá Ìlódè. Ilé-Ifẹ̀ tí a ti ń ṣọdún Ọlọ́jọ́ nítorí Ògún, inú mi dùn pé iná àgbẹ̀dẹ ṣì ń jó níbẹ̀. A to àwọn slip sínú àpótí irin, a fi èédú lílọ̀ sin wọ́n mọ́lẹ̀ kí ojú irin lè mu lára èédú náà kó sì le, a bo ìdérí, a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹnu rẹ̀ yíká.

Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Mú amọ̀ wá sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, èédú á jó dànù, irin ò ní í rí nǹkan kan mu.”

“Ẹ ṣé, Bàbá,” mo sì rẹ́ ẹ sí i.

Àpótí náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú iná láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí a já a, a da àwọn slip sínú ọ́ìlì, èéfín bo gbogbo wa. Mo fi fáìlì tuntun dán eyín wọn wò: fáìlì ń yọ̀ lórí wọn ni, kò rí nǹkan ha. Mo fi fáìlì kan náà ha ara páìpù, irin ń dà nílẹ̀ bí mo ṣe ń fà á.

Apá tó ń ti slip gòkè kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Píṣítìnì kan yí liner ká nísàlẹ̀ slip, síkúrù bíràsì kékeré méjì ló dì í mú kó má baà gbéra kí àsìkò tó tó. Mo jó ìjókòó sínú liner fún bọ́ọ̀lù bíárìn. Nínú kànga tòótọ́, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sínú páìpù láti òkè, á sọ̀ kalẹ̀ títí á fi jókòó dí ọ̀nà, wọ́n á wá tẹ omi tàbí ẹrẹ̀ títí agbára rẹ̀ á fi gé àwọn síkúrù náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjókòó á yẹ̀, ọ̀nà á sì là fún sìmẹ́ǹtì. Oríṣi mìíràn wà tí kò lo bọ́ọ̀lù rárá, yíyí ni wọ́n ń yí páìpù kí slip tó gbéra.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a na casing ró sínú férémù, a fi ṣéènì blọ́ọ̀kì gbé liner rọ̀ sínú rẹ̀, a so ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àlòkù mọ́ ìdí rẹ̀. Mo ju bọ́ọ̀lù sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́ǹpù ọwọ́ àwọn plọ́ḿbà tẹ omi. Kí gééjì tó ń wọn agbára omi tó dé bar 10, bíràsì ké “tá!”, slip mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. A dẹ ṣéènì díẹ̀díẹ̀. Liner sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, eyín kan ògiri, irin kùn, ó sì dúró. A dẹ ṣéènì títí tó fi dẹ̀ pátápátá. Mo ní kí wọ́n so ẹ́ńjìnnì kejì mọ́ ọn, kò mira. Lójú fèrèsé, mo rí bí eyín ṣe wọ ara casing.

Cone díígírì 30 la fi sí i lẹ́yìn náà, a ò sì dẹ ṣéènì rẹ̀ tán, kó má baà já lu ẹnikẹ́ni. Ó ha ògiri látòkè délẹ̀, kò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ṣírò rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi: ní díígírì 10, bí a bá ka bí irin ṣe ń ha irin mọ́ ọn, agbára tí slip fi ń ti ògiri tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ẹrù tó rọ̀. Ní díígírì 30, díẹ̀ ló fi ju ẹrù náà lọ, eyín ò sì rí agbára tó láti wọlé. Ọmọ náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ká wá ṣe é ní díígírì mẹ́ta ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ní agbára á pọ̀ débi tí slip á fi tẹ liner pọ̀ tàbí kó wú casing. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń rọ liner hanger fún ẹrù tó wúwo ṣe máa ń to cone ju ẹyọ kan lọ, kí slip púpọ̀ lè pín ẹrù náà ru.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e lọ sí Warri báyìí. Packer ló ní kí n ṣe tẹ̀ lé e, rọ́bà tó máa ń wà lókè hanger, tí wọ́n máa ń fi ìwúwo páìpù tẹ̀ kó wú, kó sì dí àlàfo tó wà láàárín liner àti casing lẹ́yìn tí sìmẹ́ǹtì bá ti wọlé tán. Mo ti ní rọ́bà tó nípọn lọ́wọ́, mò ń wá èyí tí ọ́ìlì ò ní í jẹ.