Bí mo ṣe fi igi iná kọ orúkọ ọjọ́ Yorùbá sójú aago

Rédíò aláago kan wà ní pálọ̀ bàámi nígbà tí mo wà ní kékeré, nọ́ńbà ẹ̀ pupa fòò, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná dé ló máa ń ṣẹ́jú 12:00, 12:00, títí ẹnì kan á fi dìde lọ tún un ṣe. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn gan-an. Òun náà ló wà lọ́kàn mi lóṣù tó kọjá tí mo ní kí n ṣe fọ́ǹtì, ìyẹn àwòrán lẹ́tà orí ẹ̀rọ, tó jọ ọ́, kí n fi sójú aago fóònù mi, àmọ́ mi ò fẹ́ SU, MO, TU tó wà lára Casio F-91W tí mo ń dè sọ́wọ́, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ rí níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ gba fọ́ǹtì DSEG tí Keshikan ṣe wò, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ tó mọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí Ẹ àti Ọ nínú ẹ̀. Mo wá ní kí n ṣe tèmi.

Igi iná méje ló ń kọ nọ́ńbà kan lójú irú aago bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ wọ́n ní a títí dé g: a wà lókè, b àti c lápá ọ̀tún, d nísàlẹ̀, e àti f lápá òsì, g láàárín. Tí gbogbo ẹ̀ bá tàn, 8 nìyẹn, ẹ pa g, ó di 0. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ro ó o, Frank W. Wood ti gba pátẹ́ǹtì lórí irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1910, igi mẹ́jọ ni tiẹ̀ ní, ìkẹjọ dagun torí 4.

Mo kọ orúkọ ọjọ́ méjèèje sílẹ̀, mo ka lẹ́tà tí mo nílò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Igi méje gbé èyí tó pọ̀ jù, A, E, J, U, kódà B náà tí mo bá kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré kó má baà di 8. Ó wá kan K inú Àìkú àti M inú Àbámẹ́ta, ibẹ̀ ló ti há. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi to K, H ló ń jáde ṣáá. Bí mo ṣe bọ́ sórí igi mẹ́rìnlá nìyẹn: igi àárín á pín sí méjì, méjì á dúró lóòró láàárín, mẹ́rin á dagun láti igun wá sáàárín. K wá rọrùn, e àti f, ìdajì g tòsì, igi méjì tó dagun lápá ọ̀tún, ó tán.

FontForge, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì, ni mo lò. Igi mẹ́ta péré ni mo yà, ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan dúró, ọ̀kan dagun, orí àti ìdí wọn ṣe ṣóńṣó, wọ́n nípọn 80 nínú 1000 tí wọ́n pín gíga fọ́ǹtì sí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún igi yà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Copy Reference ni kẹ́ ẹ lò, tó máa ń tọ́ka sí igi àkọ́kọ́ dípò kó dà á kọ, torí nígbà tí mo rí i pé 80 ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù lójú fóònù tí mo sọ ọ́ di 96, gbogbo lẹ́tà ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Lára kákúlétọ̀, dọ́ọ̀tì kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n fi ń kọ pọ́íǹtì. Mo ní háà, àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ ti wà lára ẹ̀rọ yìí látọjọ́ yìí! Mo lò ó níbi tó wà yẹn gan-an, mo tẹ ỌJỌ́RÚ, mo gbé e fún àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni òdo pọ́íǹtì J?" Òótọ́ ló sọ, 0.J0.RU ló rí. Mo fà á wá sábẹ́ àárín lẹ́tà, mo gé e ní onígun mẹ́rin kó lè bá igi yòókù mu, ó jókòó wẹ́rẹ́.

Àmì ohùn gba alẹ́ méjì. Igi kékeré tó dagun náà ni. À àti É ní ilé tiwọn nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, Ẹ́ àti Ọ̀ ò ní, lẹ́tà lọ́tọ̀ àmì lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló máa so wọ́n pọ̀ níbi tẹ́ ẹ bá fi anchor sí, ìyẹn ojú ibi tí àmì á so mọ́ lẹ́tà. Mo gbàgbé ti Ọ, ni àmì tó yẹ kó wà lórí Ọ ìkẹyìn nínú ỌJỌ́BỌ̀ bá lọ dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún un ṣe, áàpù aago tún gé orí àwọn àmì dànù, torí 800 ni FontForge fún mi lókè ìlà, lẹ́tà mi sì ti ga tó 700. Mo gbé àyè òkè lọ sí 1000 níbi ètò ìwọ̀n tí FontForge ń pè ní OS/2 Metrics, gbogbo ẹ̀ jáde.

Mo wá to igi mẹ́rìnlá tó ń hàn bàìbàì sẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bíi ti rédíò bàámi tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó máa rí igi tí kò tàn. Àpótí méje ni, lẹ́tà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí Àbámẹ́ta ló gùn jù, Ajé àti Ẹtì ò gbà ju mẹ́ta lọ. Mi ò sùn lálẹ́ Ẹtì, mo dúró dè é, bó ṣe di 12:00 ni àpótí méjèèje tàn papọ̀, ÀBÁMẸ́TA, àmì ohùn mẹ́ta lórí ẹ̀, dọ́ọ̀tì kan lábẹ́ Ẹ.