Ìjókòó Yípo: Bí Àgbẹ̀ àti Darandaran Ṣe Lè Parí Ọ̀rọ̀ Kó Tó Dìjà

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó pa òwe yìí mọ̀ pé odò kan náà ni ẹ óò ti jọ pọnmi lọ́la. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn àti Fúlàní tó ti wà ní gáà, ibùdó àwọn darandaran, láti ayé baba rẹ̀ ṣe rí, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Ìjókòó abẹ́ igi tí àwọn bàbá wa fi ń parí ìjà ààlà lè parí ti màlúù náà.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pè é

Oṣù kẹwàá ni, kí òjò tó dá. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, koríko á ti gbẹ, ẹran á máa wá omi kiri, ewé ẹ̀gẹ́ inú oko á sì máa wu màlúù. Òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 de dída ẹran káàkiri, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà òfin, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òùngbẹ màlúù kò ka òfin. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹran yóò gbà dé odò, oko tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà, àti ẹni tí a óò pè lórí fóònù bí ẹran bá ṣìnà. Ẹ má fẹnu júwe ọ̀nà yìí, ẹ jọ rìn ín. Ibi tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ gbin pèrègún síbẹ̀ bí a ti ń ṣe sí ààlà ilẹ̀ ẹbí.

Àwọn tó yẹ kó jókòó

Baálẹ̀, Sẹ̀ríkí tó jẹ́ olórí àwọn Fúlàní, olóko, àti ẹni tó ni ẹran gan-an, torí ọmọ tó ń dà á kò lówó lọ́wọ́. Ògbufọ̀ méjì, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà bu iyọ̀ sọ́rọ̀.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń forí ṣánpọ́n. Ìyá tó ń ti gáà gbé wàrà wá sọ́jà mọ orúkọ ìyàwó olóko, ó mọ ọmọ rẹ̀, ó ń ta wàrà fún un láwìn. Kí ọkùnrin tó gbọ́ pé ẹran gba ibì kan kọjá, wọ́n ti sọ ọ́ tán nídìí igbá wàrà. Ẹ má fi wọ́n sídìí ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Irú bẹ́ǹṣì kan náà ni kí gbogbo yín jókòó lé yípo. Bí Baálẹ̀ bá wà lórí àga tìmùtìmù, tí darandaran lóṣòó sílẹ̀, ó ti mọ ibi tí ẹjọ́ ń lọ. Obì gbànja ni kí ẹ rà, tọ̀tún tòsì ló ń jẹ ẹ́.

Bí ẹran bá ti jẹ oko

Ẹ má pa màlúù, ẹ má sì pe ìjókòó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi fóònù ya oko. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí èèyàn méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan wọlé lọ ka ebè. Ẹ ka èyí tí wọ́n fà tu sọ́tọ̀, ẹ ka èyí tí wọ́n jẹ ewé rẹ̀ sọ́tọ̀, torí ẹ̀gẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì dúró lè rúwé padà. Olóko kan ń pariwo pé igba ebè ló lọ. Nígbà tí òun àti ọmọ gáà jọ kà á tán, 83 ni. Inú bàbá náà kò dùn, ṣùgbọ́n owó náà jáde láìjiyàn, torí darandaran fojú ara rẹ̀ kà á.

Iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà lọ́sẹ̀ náà ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ògbufọ̀ kà á sétí gbogbo èèyàn, kí ẹlẹ́rìí tẹ̀ka sí i. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò san án, kí ti àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀, bí wọ́n bá jí èèyàn gbé tàbí tí wọ́n fipá bá obìnrin lò, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Kò sí Baálẹ̀ tó lè fi owó tàbí ewúrẹ́ parí ìyẹn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ mú ọjọ́ tí ẹ óò tún jókòó, bí kò tilẹ̀ sí ẹjọ́ kankan. Ọjọ́ ọjà ló rọrùn jù, torí àti olóko àti ará gáà ló ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.