Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Ọkà Ìpamọ́ Ìlú Lọ́wọ́ Àgbẹ̀ Ilé

Ọdún 11 ni mo lò nídìí ìwọ̀n ní ọ̀kan nínú àwọn àká ìjọba. Bí mo bá wọn àpò tán, n ó kọ ọ́ sínú ìwé, n ó já bébà fún olóko, ó ku kó lọ dúró de owó rẹ̀. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dúró. Nígbà tí ìkórè ọdún kejì dé, a ṣílẹ̀kùn, a gbé ìwọ̀n síta, a jókòó títí, ẹnikẹ́ni ò yà. Ìyá kan tó kó 40 àpò àgbàdo wá lọ́dún tó ṣáájú bá ẹnu ọ̀nà wa kọjá nínú ọkọ̀ oníṣòwò, tòun tẹrù rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́.

Ìdí nìyẹn tí n ó fi sọ̀rọ̀ owó kí n tó kan ọkà. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé ríra oúnjẹ ìpamọ́ lé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, ti ilé ìwé tàbí ti ọsibítù, ẹ má ṣí àká bí owó kò bá tíì wọ báńkì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó sanwó sórí bébà tí ẹ já fún olóko. Ọjọ́ méje la padà fẹnu kò sí níbi tiwa. Lásìkò ìkórè, gbèsè irúgbìn ń bẹ lọ́rùn àgbẹ̀, owó alágbàṣe ń bẹ, owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ. Oníṣòwò tó bá kówó wá bá a lóko ni yóò tà á fún, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ kéré sí tiyín. N kò rí i bá wí.

Iye tí ẹ ó rà á gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó gbin nǹkan kan. Iye tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde lẹ́yìn ìkórè kò lè mú kí ẹnikẹ́ni fi ebè kan kún oko rẹ̀. Láti 1965 ni Íńdíà ti ní iléeṣẹ́ Food Corporation of India, tó ń ra ìrẹsì àti àlìkámà pamọ́ fún orílẹ̀-èdè náà; kí àgbẹ̀ wọn tó gbìn ni ìjọba ti máa ń kéde iye tí kò ní wálẹ̀ jù ú lọ. Àmọ́ ẹ má ṣe àṣejù. Ní 2011, ìjọba Tàìláńdì bẹ̀rẹ̀ sí ra ìrẹsì ní iye tó fi nǹkan bí ìdajì ju ti ọjà lọ. Àká kún àkúnya, àwọn oníbàárà òkè òkun yà sọ́dọ̀ Íńdíà àti Vietnam, nígbà tó sì fi máa di 2014 tí ètò náà fọ́, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti ń dúró de owó fún oṣù mélòó kan. Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí: ẹ ṣírò gbogbo ohun tí àgbẹ̀ ń ná lórí hẹ́kítà kan, ẹ fi èrè tó mọ níwọ̀n lé e, kí ẹ wá fi wé iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà nígbà ìkórè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí tiyín bá fi púpọ̀ ju ti ọjà lọ, ẹ tún un ṣírò.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé ti òkè òkun kò wọ́n tó ti ilé. Ẹ bi í bóyá ó rántí 2008, tí Íńdíà àti Vietnam dí ìrẹsì wọn mọ́lé, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó gbówó dání ń wá ẹni tí yóò tà fún wọn kiri. Ní oṣù karùn-ún 2022, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukréìn, Íńdíà tún fòfin de títa àlìkámà sókè òkun. Mi ò bá wọn wí náà. Ẹni tó lọ́kà, ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣìṣe ni bí ọjà tí wọ́n ń béèrè ṣe máa ń pọ̀ tó. Wọ́n á ní kí ẹni tó bá fẹ́ tà mú 500 tọ́ọ̀nù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbẹ̀ wo ló ní i? Alágbàtà ni yóò mú un wá, ti òkè òkun sì lè wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, tọ́ọ̀nù márùn-ún, àní tọ́ọ̀nù kan, kí àgbẹ̀ mẹ́wàá lè pawọ́ pọ̀ kó o jọ. Brasil fi irú èyí sófin ní 2009: ó kéré tán, ìdá 30 nínú 100 owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ọmọ ilé ìwé, ọjà àwọn àgbẹ̀ tó ń bá ìdílé wọn ṣoko ni kí wọ́n fi rà. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ọmọ ilé ìwé kì í yé jẹun. Àgbẹ̀ tó ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lè fọkàn balẹ̀ gbìn.

Ẹ gbé ìwọ̀n síbi tí olóko ti lè rí nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní irin 20 kílò kan tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé lé e láràárọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn mìíràn á ní káwọn gùn ún wò. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gùn ún; ẹni tó mọ bí òun ṣe wúwo tó kì í bá mi jiyàn lórí àpò.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ọkà ni n ó pẹ́ lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpamọ́ ti ń bàjẹ́. Omi inú àgbàdo tí ẹ fẹ́ kó pamọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Ti ìrẹsì tí a kò tíì bó lè dé 14. Bó bá tutù jù bẹ́ẹ̀, á gbóná nínú àpò, á bu, àwọn èbu kan sì ń mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde, tí sísè kì í ká. Ẹ̀rọ kékeré wà tó ń wọn omi inú ọkà. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú (ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ni tiwa máa ń kú), ẹ lo iyọ̀. Ẹ wá ìgò gíláàsì tó gbẹ, tó ní ìdérí. Ẹ bu ọkà sí i títí tí yóò fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ da iyọ̀ tó gbẹ dáadáa díẹ̀ lé e, ẹ dé e, ẹ mì í fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà yẹn ti ju ìdá 15 lọ. Bí kò bá lẹ̀, kò tó ìdá 15, àmọ́ ó ṣì lè fẹ́ oòrùn díẹ̀ sí i.

Ẹ má kàn dá ẹni tí ọkà rẹ̀ tutù padà sílé o. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ń dùn mí di òní, torí ojú ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń tà á lówó tí kò tó nǹkan. Ẹ tẹ́ tapólíìnì sí àgbàlá, kí olóko sá a níbẹ̀.

Ìyókù kò le. Àpò onípele mẹ́ta, tí ọ̀rá méjì wà nínú rẹ̀, dára fún ẹ̀wà àti àgbàdo: bí ẹ bá so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á kú láìsí oògùn. Ẹ to àpò sórí pákó, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, kó lọ sí ilé ìwé, ọsibítù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ má tà á nígbà ìkórè, ẹ ó kàn ba ọjà jẹ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ni. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, nígbà tí orí gbogbo èèyàn ṣì pé, irú ọ̀wọ́n tí yóò mú kí ẹ ṣílẹ̀kùn, àti iye àpò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Màláwì ta èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàdo ìpamọ́ rẹ̀ tán kí ìyàn 2002 tó dé bá a.

Ìyá tí mo sọ yẹn padà wá lọ́dún kẹrin. Àpò méjì péré ló gbé wá. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká fi méjì yìí wò ó ná." Mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọjọ́ sórí bébà rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún lowó rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkọ̀ ẹrù kan yà wọ àgbàlá wa, òun ló jókòó níwájú.