Bí a ṣe ń kó eruku èèpo aáyán àti edé kúrò nílé ẹni tó ní ásímà

Pípa aáyán nìkan kò tó. Òkú rẹ̀ á gbẹ, á fọ́, á di eruku tí ẹni tó ní ásímà á fà símú. Chitin wà nínú eruku yẹn. Òun ló ń mú kí èèpo aáyán, edé àti akàn le. Ó wà lára kòkòrò tíntìntín inú fóòmù àti lára èbu ògiri náà. Ara ènìyàn kì í pèsè chitin, nítorí náà àjèjì ló jẹ́ ní ọ̀nà èémí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára eku, tó jáde lọ́dún 2007, chitin pe eosinophil jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ọmọ ogun ara tó máa ń pọ̀ nínú ásímà àlẹ́jì. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi AMCase, èròjà tí ara fi ń gé chitin, gé e wẹ́wẹ́, kò pè wọ́n jọ mọ́.

Ilé ìdáná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kán gẹ́ẹ̀lì tí aáyán ń jẹ kú, kí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó wóro ìrẹsì, sẹ́yìn fíríìjì, sábẹ́ síńkì àti sí ìdí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má fín oògùn mìíràn sí i: aáyán á sá fún un, òórùn oògùn náà sì lè gbé ásímà dìde. Láràárọ̀, ẹ fi àkísà tútù nu òkú wọn àti ìgbẹ́ wọn, tó máa ń dà bí ata iyèré lílọ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ á kàn gbé e sáfẹ́fẹ́ ni.

Ẹ máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú omi 60°C. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ bu jọ́ọ̀gì omi tútù méjì sínú bàsíà, kí ẹ da jọ́ọ̀gì omi híhó mẹ́ta lé e, kí ẹ rẹ aṣọ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ dé e. Ẹ fi igi tì í wọlé, kì í ṣe ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Sísá fóòmù sóòrùn dára, ó ń fa ọ̀rinrin inú rẹ̀ gbẹ, àmọ́ òkú kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Àpò onísíìpù tó hun pẹ́kípẹ́kí ló ń há a mọ́. Ní ti èbu, ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí omi ti ń jò. Kíkùn ún ní ọ̀dà lásán, owó dànù ni.

Edé gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata. Bó bá jẹ́ pé gbígbẹ ni ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ lo ìbòmú, kí ẹ má sì ṣí blẹ́ńdà títí ìṣẹ́jú 10 á fi kọjá, kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè balẹ̀. Kí ẹni tó ní ásímà má sí nítòsí.

Bí ètè bá ń wú tàbí ara ń yún lẹ́yìn tí ẹ jẹ edé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tropomyosin, purotéènì kan nínú ẹran edé, ló sábà ń fà á. Bíbó èèpo kò mú un kúrò, sísè kò pa á. Ẹ jáwọ́ nínú edé títí dókítà á fi yẹ̀ yín wò. Bí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì torí pé ilé ti mọ́ dá oògùn ásímà tí ẹ ń fà símú lójoojúmọ́ dúró.