Mílíìkì Ẹnu Ọ̀nà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ọ́ Di Ìnira

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń bínú sí onímílíìkì tó ń gbé ìgò wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ló gbé mílíìkì náà wọlé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sábà máa ń wà. Onímílíìkì ti gbé e dé láago márùn-ún ìdájí, tútù nini. Ẹni tó ni ín jí láago méje, ó wẹ̀, ó múra, ó wá bàtà ọmọ títí, ó tó ṣílẹ̀kùn láago mẹ́jọ kọjá. Oòrùn ti rí ìgò náà kí òun tó rí i. Bí mílíìkì bá wá kan lọ́jọ́ kejì, onímílíìkì ló ń gba èébú.

Mi ò ní àwọn onímílíìkì kì í ṣẹ̀ o. Wọ́n ń gbé ti ojúlé kẹrin fún ojúlé kẹfà, wọ́n ń pẹ́, ẹlòmíì á fọ́ ìgò sílẹ̀ á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wàhálà mílíìkì ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn ìgbà tí ìgò bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn ló ń bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tiwa, àwa tí à ń gbà á, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má fi ẹnu ọ̀nà ṣe fíríìjì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé mílíìkì tí wọ́n ti fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ kò lè rí nǹkan ṣe láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n mú un gbóná dé 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n sì tètè mú un tutù padà. Iná yẹn ń pa àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn, àmọ́ kì í pa gbogbo kòkòrò tán. Òtútù ló ń mú àwọn tó ṣẹ́kù jókòó jẹ́ẹ́. Bí ara ìgò bá ti ń móoru, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, ẹ ò sì ní í fojú rí nǹkan kan. Á ṣì funfun, òórùn rẹ̀ ò ní í tíì yí padà. Ó dìgbà tí ẹ bá dà á sínú tíì gbígbóná, tó dì ní kókó wẹ́wẹ́ lójú omi, kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ìjókòó àárọ̀ àná ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Ìlú Ọba ni pé kí fíríìjì wà ní 5°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà ta ló ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà ooru?

Ooru nìkan sì kọ́. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ba mílíìkì jẹ́, bó tiẹ̀ tutù. Fítámì B2 tó wà nínú rẹ̀ kì í fara da oòrùn, bó bá sì ti ń bàjẹ́, ó ń ba ọ̀rá inú mílíìkì jẹ́ pẹ̀lú, ni mílíìkì á bá máa ta lẹ́nu bíi páálí tó rẹ sómi. Ìgò tó mọ́ gaara kò lè dá ìmọ́lẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìgbà ooru nìkan ni àpótí tí à ń gbé síta fún ìgò wúlò.

Ẹ gbé àpótí onídèérí síta, èyí tó lè gba gbogbo ìgò yín lẹ́ẹ̀kan. Kúlà àtijọ́ tí ẹ ò lò mọ́ dára gan-an fún un, bí ẹ bá lè fi yìnyín inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sí i lálẹ́, ó tún dára sí i. Kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ wo ibi tí oòrùn kọ́kọ́ ń bà lẹ́nu ọ̀nà yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún onímílíìkì. Èèyàn máa ń gbé àpótí síta, kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, á wá máa bínú pé ẹ̀gbẹ́ àpótí ni wọ́n ń gbé ìgò sí. Inú òkùnkùn ni onímílíìkì ti ń ṣiṣẹ́, ilé tó sì ń yà lójúmọ́ kan kì í ṣe díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ìdérí.

Níbi tí òtútù ti mú dé ojú yìnyín, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Mílíìkì ń dì bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo díẹ̀ báyìí. Omi tó bá dì a máa wú, nítorí náà á ti ìdérí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sókè, ẹ ó wá rí ọ̀pá funfun kan tó yọrí jáde lẹ́nu ìgò tó sì gbé ìdérí rù. Ẹ má ṣe da omi gbígbóná sí i lórí. Ìgò á sán, gbogbo mílíìkì á sì di ohun ìdànù nítorí àfọ́kù ìgò. Inú fíríìjì ni kó ti yọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá mì í dáadáa. Bí ìdérí bá ti já bọ́ pátápátá tí ẹnu ìgò sì ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ìgò tí ẹyẹ ti sọ lẹ́nu

Èyí ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ló bí i. Ní 1921, ní Swaythling nítòsí Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ kéékèèké ti ń ṣí ìdérí ìgò mílíìkì ẹnu ọ̀nà. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní blue tit ló wá gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Kò níyì lójú ẹ láti mu mílíìkì gan-an. Ọ̀rá tó léfòó sókè ló wá bá. James Fisher àti Robert Hinde kọ ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1949, nígbà yẹn àṣà náà ti tàn ká ọ̀pọ̀ ibi ní Ìlú Ọba. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fi ẹyẹ yẹn ṣàlàyé bí ẹranko ṣe ń kọ́ nǹkan lára ara wọn.

Ibi tí àṣìṣe wà ni pé èèyàn á rí ihò ẹnu ẹyẹ lára ìdérí, á da òkè rẹ̀ nù díẹ̀, á sì mu ìyókù. Ẹnu ẹyẹ kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré. Ní 1990, ní Gateshead, wọ́n ṣèwádìí àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe nítorí kòkòrò Campylobacter, wọ́n sì rí i pé mílíìkì tí jackdaw àti magpie, ìbátan kannakánná, ti sọ lẹ́nu ló wà nídìí rẹ̀. Iná tí wọ́n fi pa kòkòrò ní ilé iṣẹ́ kò lè gbà yín lọ́wọ́ ohun tó wọlé lẹ́nu ọ̀nà. Ìgò tó bá ti ní ihò, ẹ dà á nù pátá, ẹ má ṣe sè é fọ́mọ mu. Bí ẹ ò bá ní àpótí, ẹ fi kọ́ọ̀pù tó nípọn méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lálẹ́ kí onímílíìkì lè dojú wọn dé ẹnu ìgò. Ẹyẹ ò lè gbé e.

Mílíìkì tí iná ò rí

Àwọn oko kan ń gbé mílíìkì wá sẹ́nu ọ̀nà láì fi iná kàn án rárá, ó sì ní àwọn tó gbà pé òun ló dára jù nítorí pé ọ̀dọ̀ màlúù ló ti wá tààrà. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Scotland, títà rẹ̀ fún mímu ti di èèwọ̀ láti 1983. Ní England, olóko lè tà á tààrà fún ẹni tó máa mu ún, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ sí i lára. Màlúù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lójú lè gbé kòkòrò Salmonella tàbí oríṣi E. coli tó ń ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́, ojú lásán ò sì lè rí i nínú ìgò.

Tèmi ni pé mílíìkì tí iná ò rí àti àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kò bá ara wọn mu. Ìjókòó wákàtí mẹ́ta tó kàn lè ba adùn mílíìkì yòókù jẹ́, àrùn ló lè di nínú eléyìí. Bí aboyún, ọmọ ọwọ́, arúgbó tàbí ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára bá wà nílé, ẹ má gbà á wọlé fún mímu. Bí ẹ bá ti gbà á ná, ẹ sè é kó hó.

Bíbéèrè ju ohun tí ilé ń mu

Láyé tí fíríìjì ò tíì wọlé, ojoojúmọ́ ni mílíìkì ń dé, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la. Fíríìjì, mọ́tò àti ilé ìtajà ńlá ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onímílíìkì. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 mílíìkì tí àwọn ilé ń rà ló ń dé sẹ́nu ọ̀nà ní 1963. Nígbà tó fi máa di 2005, kò tó ẹyọ kan nínú 100. Àwọn tó ṣẹ́kù kì í sábà wá lójoojúmọ́ mọ́, wọ́n lè wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá wá ń béèrè bí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣe ń béèrè, fíríìjì rẹ̀ á kún fún ìgò tí kò ṣí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tí ẹ rò pé ẹ ń mu. Ẹ béèrè kékeré, kí ẹ wá máa wo ohun tó ṣẹ́kù láàárọ̀ ọjọ́ tí tuntun ń bọ̀. Bí ìgò kan bá ń ṣẹ́kù ní gbogbo ìgbà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ sì máa ti àtijọ́ síwájú, tuntun sẹ́yìn. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ àìṣe é ló ń fa pé a ń mu mílíìkì òní tí ti ìjẹrin sì ń kan lẹ́yìn rẹ̀.

Rírìnrìn àjò láì dá a dúró

Ìgò mẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà ń sọ fún gbogbo olè àdúgbò pé kò sẹ́nìkan nílé. Èyí tó tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti àwọn tó ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: “A ti rìnrìn àjò, ẹ má gbé mílíìkì wá títí di ọjọ́ Ajé.” Ẹ ti fi déètì tí ẹ máa padà han ẹni tí kò yẹ kó mọ̀. Bí ẹ bá ń lo ìwé, ẹ ká a kó wọ ọrùn ìgò òfìfo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, kó má ṣeé kà láti ojú títì. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń ṣe é, ẹ wádìí aago tí wọ́n ń ti ètò ọjọ́ kejì. Wọ́n ti ń kẹ́rù sọ́kọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ẹni tó máa já ẹrù nítorí ìpè aago mọ́kànlá òru. Ẹ sì wo bíìlì yín lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Owó tó ń kúrò ní báńkì fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ pé ẹ kò sí nílé.

Ìgò kì í ṣe tiyín

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i tí ẹnìkan fi ìgò mílíìkì bu kẹrosíìnì, tó sì tún fẹ́ dá a padà. Ilé iṣẹ́ ń fi ọṣẹ líle àti omi gbígbóná fọ ìgò, síbẹ̀ òórùn kẹrosíìnì tàbí ọ̀dà kì í rọrùn láti lé. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á sọ ọ́ nù. Bí wọn ò bá rí i, mílíìkì ẹlòmíì ló máa wọ inú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni ti ẹni tó rò pé ohun rere lòun ń ṣe, tó ń ju ìgò sínú àpótí ìdọ̀tí tí wọ́n fi ń kó ìgò lọ yọ́. Iná tó ń yọ́ ìgò gbóná púpọ̀púpọ̀, ìgò fúnra rẹ̀ sì wúwo lọ́kọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó, ike rọ́bà sàn jù ú lọ fún àyíká. Lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ló ń jẹ́ kó jàre. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan án ní gbàrà tó bá tán, torí omi gbígbóná ń mú kí mílíìkì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, kí ẹ wá gbé e síta lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Kí ẹ tó pè láti fẹjọ́ sùn

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣàjèjì ló bàjẹ́. Mílíìkì tí wọn ò po ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ máa ń ní ìpele tó nípọn tó sì pọ́n díẹ̀ lókè; mì í, á lọ. Àwọ̀ ìdérí náà ń ṣi èèyàn lọ́nà: ní Ìlú Ọba, pupa lára ike ilé ìtajà sábà túmọ̀ sí èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, àmọ́ fàdákà onílà pupa lẹ́nu ìgò ẹnu ọ̀nà jẹ́ èyí tí wọ́n yọ díẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ó bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ pè lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya àwòrán ìgò àti déètì rẹ̀, ẹ sì sọ aago tí ẹ gbé e wọlé láì fi irọ́ kún un.

Ilé míì sì wà tí ètò yìí kò bá mu rárá. Bí ẹ bá ń gbé òkè ilé alájà tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo ẹnu ọ̀nà kan, tí kò síbi tí àpótí lè gbà, tàbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ òru lẹ ń ṣe tí ẹ kì í wọlé títí di ọ̀sán, mílíìkì á máa jókòó níta fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ tó bá dé. Ẹ máa ra tiyín ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.