Bí Ẹni Tí Kò Ríran Ṣe Lè Yan Iṣẹ́ Tẹlifíṣàn fún Ilé Rẹ̀ ní Ìlú Ọba

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan tẹlifíṣàn náà níwájú yín, kí ẹ sì gba rìmóòtù rẹ̀ dání. Ẹ fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnì 5, nítorí pé kókó kékeré kan sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti bà á, ẹ ti mọ ibi tí àwọn nọ́ńbà yòókù wà. Ẹ wá fetí sílẹ̀ bóyá tẹlifíṣàn náà ń ka gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè. Èyí tó bá ń ka orúkọ ìkànnì nìkan, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ fẹ́ gba ètò sílẹ̀, kò tó rárá lójú tèmi.

Ẹ tún béèrè nípa àpèjúwe olóhùn, ìyẹn ohùn tó ń sọ ohun tí àwọn òṣèré ń ṣe nígbà tí wọn kò bá sọ̀rọ̀, àti bóyá ó wà lórí ètò tí a ń wò látorí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Freeview, ìyẹn iṣẹ́ tẹlifíṣàn tí eríàlì ilé ń gbà, kò ní owó oṣooṣù. Ẹni tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ojú rẹ̀ fọ́ lè san ìdajì owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣàn, ìyẹn ìwé tí òfin ní kí àwọn tó ń wo tẹlifíṣàn ní Ìlú Ọba ní.